Oògùn jẹjẹrẹ àti awọ ara: èyí tó ṣeé fara dà, èyí tó yẹ ká sáré sọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ló ti múra sílẹ̀ fún èébì àti fún irun tó ń re. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sáábà sọ fún wọn ni pé àtẹ́lẹwọ́ lè dúdú, èékánná lè ní ilà, ojú lè kún fún èyí tó jọ irorẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ sì lè máa jó wọn lóru. Nígbà tí irú rẹ̀ bá dé lójijì, ìtumọ̀ tí àwọn ará ilé fún un ti máa ń ṣáájú ti dókítà. Ẹnìkan á ní oògùn náà ti di májèlé. Òmíràn á ní àìsàn náà ti tàn dé awọ. Ẹlòmíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní kì í ṣe ojú lásán. Láàárín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni aláìsàn ti ń dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí pé awọ tó ń bó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n àkókò tí jẹjẹrẹ bá fi gbilẹ̀ nígbà tí a kò lo oògùn ṣòro láti gbà padà.

Kí a tó dárúkọ ìpara tàbí ọṣẹ kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: oògùn wo gan-an ni? Kẹ́mò ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àmọ́ kẹ́mò kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Omi pupa tí wọ́n ń fà sí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú lára ń jẹ́ doxorubicin. Oníhóró tí àwọn kan ń gbé lọ sílé, tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, ń jẹ́ capecitabine. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí Xeloda. Ohun tí doxorubicin ń ṣe lára yàtọ̀ sí ti capecitabine, ti cetuximab, oògùn tuntun kan tí a ó dé orí rẹ̀ níwájú, sì yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn yín sínú ìwé kékeré kan tàbí sínú fóònù. Ẹni tí kò mọ orúkọ oògùn rẹ̀ kò lè lo ìmọ̀ràn kankan bó ṣe yẹ, títí kan èyí tí mò ń kọ yìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ awọ ara ni? Kẹ́mò àtijọ́ ń wá sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín sí méjì. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe: awọ wa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan, irun ń hù, èékánná ń gùn, inú ẹnu ń tún ara rẹ̀ ṣe. Oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀. Àwọn oògùn tuntun tí wọ́n ṣe láti dojú kọ ibì kan pàtó lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nígbà mìíràn, ibi tí wọ́n dojú kọ yẹn wà lára sẹ́ẹ̀lì awọ pẹ̀lú. Ohun tí à ń rí lára aláìsàn kì í ṣe àìsàn tuntun. Ọ̀nà tí oògùn gbà kọjá ni.

Ara tó ń dúdú, ara tó ń pọ́n

Èyí tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé jù ni kì í sáábà léwu. Àwọn kẹ́mò bíi 5-FU, capecitabine, doxorubicin àti cyclophosphamide lè mú ara dúdú. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á dúdú, oríkèé ìka á dúdú, àbàwọ́n á hàn lára ahọ́n, ilà dúdú á sì là lórí èékánná. Fún ẹni tí wọ́n fa 5-FU sí lára, ọ̀nà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà lápá nìkan ló lè dúdú nígbà mìíràn, láti ibi tí wọ́n gún lọ sókè, débi pé ènìyàn lè fi ìka tọ ipa rẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí máa ń hàn lára wa jù.

Kì í dunni. Kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti dé awọ, kò sì túmọ̀ sí pé májèlé ń gbá jọ sínú ara. Kì í ràn, nítorí náà kò sí ìdí tí wọn yóò fi ya abọ́ aláìsàn sọ́tọ̀ tàbí kí ọmọ má dì mọ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, ó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ti èékánná ló ń pẹ́, torí pé èékánná ọwọ́ kì í gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù kan; ó tó nǹkan bí oṣù 6 kí ògbólógbòó tó gùn jáde tán. Ti ẹsẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Bí ẹ bá wo èékánná ẹni tó ti gba kẹ́mò nígbà mẹ́rin dáadáa, ẹ lè rí ilà mẹ́rin tó dábùú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà tí oògùn wọlé tí èékánná sì dẹwọ́ nínú gígùn. Mo fẹ́ràn láti máa fi èyí han àwọn ènìyàn, torí pé ẹni tó bá rí i tó sì kà á máa ń gbà lójú ẹsẹ̀ pé oògùn ló ṣe é.

Ohun tó burú ni kí a gbìyànjú láti fọ dúdú náà kúrò. Kàn-ìn-kàn-ìn líle, òkúta tí a fi ń ha gìgísẹ̀, ìpara tí wọ́n fi ń bóra, omi ọsàn wẹ́wẹ́: gbogbo wọn ń ya awọ tí oògùn ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí kẹ́mò bá ti mú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ dínkù, ojú ọgbẹ́ kékeré tí a kì bá kà sí lè di ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Ẹ fi dúdú náà sílẹ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Bleomycin fẹ́ àlàyé tirẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ Hodgkin, fún ti kóró ẹpọ̀n, àti fún Kaposi sarcoma, irú jẹjẹrẹ kan tó sábà máa ń yọ lára awọ. Lára àwọn kan, ara á kọ́kọ́ máa yún, lẹ́yìn náà ilà gígùn-gígùn á hàn lẹ́yìn, láyà àti léjìká, tó rí gẹ́lẹ́ bí ojú ẹgba. Nínú ilé tí wọ́n ti gbà pé wọ́n lè na ènìyàn lójú oorun kó sì jí pẹ̀lú ojú ẹgba lára, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ilà yìí wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn tipẹ́tipẹ́, wọ́n ti rí i lára ènìyàn ní oríṣiríṣi ilẹ̀, bleomycin ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ fi han dókítà, kó lè pinnu bóyá kí oògùn máa bá a lọ. Bí ikọ́ tuntun tàbí mímí gúlegúle bá bá a rìn, ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ, torí bleomycin lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìyẹn sì le ju ilà ara lọ.

Imatinib, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec, ń ṣe òdì kejì: ó máa ń mú ara pọ́n. Oògùn yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CML, Ilé-Ifẹ̀ ló sì jẹ́ ojúkò ìtọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nàìjíríà, nílé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí àwọn aláìsàn ti máa ń wá nígbà náà láti ìpínlẹ̀ káàkiri láti gba Glivec lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí imatinib ń dí lọ́wọ́ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jọra pẹ̀lú ohun kan tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara wa nílò láti ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pọ́n ní gbogbo ara tàbí ní àbùlẹ̀-àbùlẹ̀, tí àwọn ènìyàn á sì máa fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń bóra. Ó dára kí ẹni tó ń lò ó mọ èyí, kó lè ní èsì lẹ́nu. Bí wọ́n bá dín oògùn kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, àwọ̀ náà sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n ìpinnu dókítà nìkan nìyẹn. Ẹni tó bá dá imatinib dúró nítorí àwọ̀ ara ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí pé òun ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa capecitabine tì. Hand-foot syndrome ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Capecitabine àti 5-FU ló ń fà á jù, irú doxorubicin kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé náà sì ń fà á. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́: ìka á máa ta rìn-rìn, àtẹ́lẹsẹ̀ á le bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà á wá máa jó, á wú díẹ̀, awọ á máa dán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Tí a kò bá dá sí i, ó lè lé ròrò, ó lè là, kí ènìyàn má lè de bọ́tìnnì tàbí rìn dé ilé ìwẹ̀.

Ìwé sọ pé àtẹ́lẹwọ́ á pọ́n. Lára òyìnbó ni wọ́n ti kọ èyí. Lára tiwa, pípọ́n náà lè má hàn. Ó lè jẹ́ dúdú tó pọ̀ sí i, tàbí àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, tàbí kó má sí ohun tí ojú rí rárá nígbà tí ara ti ń jó wòwò. Dókítà tó bá ń wá pípọ́n lè wo ọwọ́ yín kó sì ní kò sí nǹkan. Nítorí náà, ẹ má dúró de ohun tí ojú ń rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń mọ̀ lára: ó ń jó, ó gbóná ju apá lọ, n kò lè di ife mú.

Ooru, títẹ àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ nǹkan, àti kí nǹkan máa ha wọ́n ló ń mú un le sí i, torí wọ́n ń da awọ tó ti fẹ́lẹ́ láàmú. Ìwé tí wọ́n ń pín nílẹ̀ òyìnbó á ní kí ẹ má gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì, kí ẹ má wẹ omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe kan ilé wa. Ọmọ odó tí a fi ń gún iyán, orógùn tí a fi ń ro àmàlà, aṣọ tí a fi ọwọ́ fọ̀ nínú ọpọ́n, ata tí a lọ̀ lórí ọlọ, òkèlè gbígbóná tí a gé bó ṣe ń bọ́ láti orí iná: gbogbo wọn wà lára ohun tó yẹ kí ẹlòmíràn gbà ṣe tàbí kí a sún síwájú. Kí òkèlè tutù díẹ̀, tàbí kí a fi ṣíbí jẹ ẹ́. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Télọ̀ tó ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ látàárọ̀, ọlọ́kadà tó ń di ọwọ́ ọ̀kadà mú, ìyá tó ń dúró tajà láti òwúrọ̀ dalẹ́, gbogbo wọn ní láti sọ iṣẹ́ wọn fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó oúnjẹ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a sọ ọ́ ṣáájú, torí pé àga láti jókòó, bàtà tó fẹ̀ tó sì rọ̀, tàbí ọmọṣẹ́ tó máa gé aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, dára ju kí àtẹ́lẹwọ́ bó kí ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títì pa.

Ní ti ìtọ́jú ilé, omi tutù, kì í ṣe yìnyín lójúkojú, ni kí ẹ ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ, ẹ má fi nu ara. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìpara tó nípọn pa á, lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Ìpara tí urea wà nínú rẹ̀ ní ìdá 10 nínú 100 ti fi ara hàn nínú ìwádìí pé ó ń dín ìṣòro yìí kù fún àwọn tó ń lo capecitabine, pàápàá tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ wo ẹ̀yìn ìke rẹ̀ ní kẹ́míìsì, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí awọ bá ti là, ẹ má fi ìpara oní-urea sí ojú ibẹ̀, á ta.

Ọ̀rọ̀ tuntun kan wà tó mú inú mi dùn. Ní Íńdíà, àwọn dókítà fún ènìyàn 264 tó ń lo capecitabine ní ìpara láti máa fi pa ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac ìdá 1 nínú 100, èyí tí a fi ń pa orúnkún tó ń dunni, ni ti àwọn kan. Ti àwọn yòókù kò ní oògùn nínú. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn kò ní oògùn ló ní ìṣòro náà débi tó ń nira. Lára àwọn tó lo diclofenac, kò pé 4. Ohun tó wà ní kẹ́míìsì gbogbo ni. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó lò ó, pàápàá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára tàbí tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ má sì sọ ọ́ di diclofenac oníhóró. Ìpara ni wọ́n dán wò, kì í ṣe èyí tí a ń gbé mì. Ní ti Vitamin B6 tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ìṣòro yìí, wọ́n ti dán an wò nínú ìwádìí tó dára ju ẹyọ kan lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ìpara.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í rò. Capecitabine lè nu ilà ìka rẹ́. Ní December 2008, wọ́n dá ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan láti Singapore dúró fún wákàtí mẹ́rin ní ibodè Amẹ́ríkà torí pé ẹ̀rọ kò rí ilà ìka rẹ̀ rárá. Ó ti ń lo oògùn yìí fún ọdún mẹ́ta tó lé. Dókítà rẹ̀ kọ ìtàn náà sí ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 2009, ó sì gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú lẹ́tà ilé ìwòsàn rìn. Ẹ ro ohun tí ìka ń ṣe fún wa ní Nàìjíríà báyìí: BVN, NIN, síìmù fóònù, físà. Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbìyànjú láti ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ capecitabine. Bí ẹ bá ti wà lórí oògùn náà tí ẹ̀rọ sì kọ ìka yín, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà tó sọ orúkọ oògùn náà yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Ohun tó jọ irorẹ́, tí kì í ṣe irorẹ́

Cetuximab, panitumumab, erlotinib àti gefitinib jẹ́ oògùn tó ń dí ohun kan tí wọ́n ń pè ní EGFR lọ́wọ́. Wọ́n ń lò wọ́n fún àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ẹ̀dọ̀fóró, tàbí orí àti ọrùn. Awọ wa náà nílò EGFR láti tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kókó wẹ́wẹ́ tó ń yúnni tó sì ń tani lè bo ojú, orí, àyà àti ẹ̀yìn. Lójú ẹni tó ń wò ó, irorẹ́ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Oògùn irorẹ́, pàápàá àwọn tí benzoyl peroxide wà nínú wọn, ń mú ara gbẹ, ara tó sì ti gbẹ ni èyí. Ọṣẹ líle á mú un le sí i. Ìpara alápapọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí wọ́n po oògùn kòkòrò, oògùn làpálàpá àti steroid alágbára mọ́ra, lè mú kí ojú fẹ́ dán fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ awọ di fẹ́lẹ́, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ọ̀nà tó dára wà, ó sì rọrùn. Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010 bá àwọn ènìyàn 95 tó ń lo panitumumab ṣe é. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú awọ kí kókó tó yọ: ìpara tó ń mú ara rọ̀, ìpara fún oòrùn, hydrocortisone ìdá 1 nínú 100, tó jẹ́ ìpara steroid tí kò lágbára púpọ̀, àti doxycycline oníhóró, tó jẹ́ oògùn apakòkòrò. Àwọn yòókù dúró di ìgbà tí ó bá yọ. Lára àwọn tó dúró, 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èyí tó le; lára àwọn tó ṣáájú, 29. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó fa omi àkọ́kọ́ sí i lára pé, "Kí ni a ó fi ṣáájú kókó ojú?"

Àwọn dókítà kan á sọ fún yín pé kókó náà jẹ́ àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àwọn tí ara wọn yọ ọ́ máa ń rí èrè oògùn náà jù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí bẹ́ẹ̀ máa fara da ìrora láìsọ, kí ẹni tí tirẹ̀ kò yọ má sì sọ ìrètí nù. Títọ́jú kókó kì í dín agbára oògùn jẹjẹrẹ kù. Tí ọyún bá ń jáde tàbí tí èépá aláwọ̀ oyin bá ń dì lójú ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́, ó sì nílò oògùn mìíràn.

Òrí, àdí, ọṣẹ dúdú àti àgbo

Wọ́n máa ń bi mí léèrè nípa òrí ju ohunkóhun lọ. Òrí funfun tó mọ́, tí wọn kò po nǹkan kan mọ́, dára fún ara gbígbẹ tí kò là, bẹ́ẹ̀ náà ni àdí àgbọn. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára, ni kí ẹ fi pa á. Àmọ́ ẹ má fi pa kókó ojú tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn, ẹ má sì fi sí ojú ọgbẹ́. Ọṣẹ dúdú le jù fún awọ tó wà lórí kẹ́mò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ gbé e tì títí ìtọ́jú yóò fi parí. Dẹ́tọ́ọ̀lù nínú omi ìwẹ̀ náà kò yẹ. Láàlì tí wọ́n ti po kẹ́míkà mọ́ kó lè dúdú kíá lè ta ara burúkú. Àgbo yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, torí pé a ń mu ún, inú ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́mò ni òun náà ń gbà. Tí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Ẹni tó bá pa á mọ́ torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á bá òun wí ló ń fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Oòrùn náà kan ọ̀rọ̀ yìí, àwọ̀ dúdú wa kò sì gbà wá sílẹ̀ pátápátá. 5-FU, kẹ́mò mìíràn tó ń jẹ́ methotrexate, àti doxycycline ń mú kí oòrùn tètè jó awọ. Akẹtẹ̀ gbígbòòrò, agbòòrùn, aṣọ alápá gígùn, àti ìpara oòrùn SPF 30 ó kéré tán, ni ohun tó yẹ.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Nígbà tí omi oògùn bá ń wọlé lọ́wọ́, tí ojú abẹ́rẹ́ bá ń jó, tó ń ta tàbí tó ń wú, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Doxorubicin tó bá jò sí ìta iṣan lè pa ẹran ara ibẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀ ń da wọ́n láàmú.

Bí ara bá gbóná dé 38°C nígbà tí ẹ wà lórí kẹ́mò, yálà ọgbẹ́ wà lára tàbí kò sí, ilé ìwòsàn lóru náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ara bá ń lé ròrò káàkiri, tí awọ ń bó ní abala ńlá, tí egbò wà lẹ́nu, lójú tàbí lójú ara. Bẹ́ẹ̀ ni tí ojú àti ètè bá wú tí mímí sì ṣòro. Àwọn tó ń gba pembrolizumab tàbí nivolumab, tó ń ta ọmọ ogun ara jí láti bá jẹjẹrẹ jà, ní láti mọ̀ pé ara yíyún àti kí nǹkan máa sú síta lára lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àní lẹ́yìn tí oògùn ti parí pàápàá.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún dókítà

Dókítà á béèrè pé, "Ṣé ara le?" Àwa á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ọ̀wọ̀ ni, ìgbàgbọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ní kílíníìkì tí ènìyàn kún bámúbámú, "a dúpẹ́" ló ń mú kí wọ́n kọ oògùn kan náà ní ìwọ̀n kan náà fún ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là. Ẹ dúpẹ́ fún Ọlọ́run, kí ẹ sì na ọwọ́ síwájú dókítà. Ẹ ya fọ́tò ara náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ní ọjọ́ tó le jù, torí pé ó lè ti rọlẹ̀ kó tó di ọjọ́ àdéhùn. Ẹ sọ ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́: n kò lè rìn dé mọ́ṣáláṣí, n kò lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ láìsunkún. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè, kí ẹ sì béèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ dá oògùn dúró kí ẹ tó pè. Fún capecitabine, nígbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ti ń dùn débi pé ó ń dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ dá a dúró kí ẹ sì pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n á jẹ́ kí ara rọlẹ̀, wọ́n lè wá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ìyẹn kì í ṣe pé ìtọ́jú ti kùnà. Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà káàkiri àgbáyé nìyẹn, kí ènìyàn lè lò ó parí. Hóró tó bá ṣẹ́kù nítorí ìdádúró náà, ẹ gbé e padà fún ilé ìwòsàn. Ẹ má fi kún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti fi dí èyí tó fò.